Màásì tí Mo Kọ Sílẹ̀

Ìdáàṣà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Wọ́n ti mú Bàbá Ràímì, mẹkáníìkì wa, láàárọ̀ yìí.

Ó yọ dínámò ògbólógbòó inú katakata ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé Gbaffo, ó sì fi alitanatọ̀, irú dínámò ìgbàlódé, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún wáyà rẹ̀ wé rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tuntun náà jóná. Nípàdé ẹgbẹ́ náà, aṣojú ìjọba, tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa pè ní Kámáráàdì, bi í léèrè ohun tó fà á.

"Kámáráàdì, màásì ni. Màásì ò dáa."

Wáyà tó so mọ́ ara irin ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi tísà, tí mo jẹ́ akọ̀wé ìpàdé, kọ ọ́ ní Faransé bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mi ò fi àlàyé kankan kún un: la masse ò dáa. Ṣùgbọ́n lọ́fíìsì ìjọba tí ìwé ìpàdé náà lọ, lóde òní, la masse ni gbogbo ará ìlú tí ìjọba ń sọ pé òun ń jà fún. Wọ́n ní ó bú ará ìlú.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án. "Tísà, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣìkọ."

Mo ti kọ lẹ́tà àlàyé ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọ́fíìsì náà, mo ya àwòrán wáyà náà sí i. Dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà náà lọ ti padà dé. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló gbà á lọ́wọ́ òun. Bóyá ó ti dé ọwọ́ ọ̀gá, a ò tíì mọ̀.