Bàtà Tí Ẹ Kò Bèèrè

Bàbá mi àtàtà,

Ilé yín ní Durumi ti dákẹ́ jù. Màmá ṣì ń po tíì yín láàárọ̀, láìfi ṣúgà sí i, kó tó rántí, kó sì dà á nù. Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tí ẹ ń fojú sọ́nà fún ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò tíì wọ̀ ọ́. Máígádì àdúgbò ṣì ń fi èdè Hausa kí mi ní sànnu tí mo bá ti ilé mi ní Gwarinpa dé, àmọ́ mi ò lè dá a lóhùn ní yauwa bíi tiyín, pẹ̀lú ohùn Èkìtì tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

Bàbá, inú ń bí mi sí yín. Ta ni kí n sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ẹ mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ yín má mọ ìrora mọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí ẹ má fẹsẹ̀ lásán rìn. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ẹ óò wọ sùtánà yín tó funfun báláú, ẹ óò fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò sì gba ojú títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹ kì í dúró de mọ́tò mi. Òkúta kékeré kan ló gún yín lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí Màmá fi máa rí ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì, ó ti di egbò. Egbò yẹn ló pa yín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá Olùṣọ́ ìjọ. Ìjà ni mo bá lọ. Mò ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi ikú yín lé lórí. Bó ṣe gbọ́ nípa àìsàn yín, ńṣe ló fọwọ́ bojú. Kò mọ̀ rárá. Ìjọ máa ń yọ̀ǹda bàtà fún aláìsàn, àwọn ìyá àgbà kan sì ń wọ sílípáàsì wá lójú yín. Ẹ kàn ní láti bèèrè ni. Àwa méjèèjì la jọ sunkún níbẹ̀, mi ò rí ẹni bá jà.

Kí ló dé tí ẹ ò bèèrè? Ẹ nígbàgbọ́ tó láti gbàdúrà kí Ọlọ́run wo egbò náà san. Mo gbọ́ yín nínú yàrá. Ṣé Ó lè jí òkú, àmọ́ kò lè yọ̀ǹda bàtà fún yín ni? Ẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá gbàgbọ́ yóò ṣègbọràn. Mo gbà. Àmọ́ ó jọ pé ìgbọràn yín ti dàgbà ju ìgbàgbọ́ yín lọ. Àbí ẹ̀rù Rẹ̀ ló ń bà yín? Wọ́n ti ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù báyìí, ńṣe ni mo máa ń dìde jáde. Èmi ò fẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin ni mo fẹ́.

Mo rántí ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, tá a jọ ń bọ̀ láti ìsìn. Àwa méjèèjì wà nínú sùtánà. Oòrùn Àbújá ti mú kí ọ̀dà títì gbóná, mo wá ń fò sókè sódò, mò ń sunkún. Mi ò bẹ̀ yín. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀, ẹ pọ̀n mí, ẹ sì fẹsẹ̀ tiyín tẹ iná yẹn títí a fi délé. Bàbá mi, Ọlọ́run tí ẹ ń pè ní Baba yìí, ta ló sọ fún yín pé Òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ pọ̀n, tí kò yéé fẹ́ràn yín.