Àwọn Bóòtù Tí Ẹ Kò Rí Nínú Àpò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Sokodé, lórí simẹ́ǹtì gáráàjì tó kún fún òróró, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo kí Ìyá mi. Ojú tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Mo kí Sálíù dírẹ́bà yín, tó wa ọkọ̀ yín wálé tòun ti òkú àpótí jíà tí mo pààrọ̀ àti àpò irin tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Ní àdúgbò Komah tí mò ń gbé, èdè Tem ni mo fi ń ra oúnjẹ, Faransé ni mo fi ń ka ìwé iṣẹ́, ara mi nìkan ni mo ń bá sọ èdè wa. A kì í jiyàn.

Lẹ́tà yín dé. Ẹ ní gbogbo mọ́sálásí ní Kambolé ti gbọ́ pé ọmọ yín tó kàwé iṣẹ́ ẹ̀rọ fi ògbólógbòó irin sínú ọkọ̀ yín. Ó dáa, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìdáhùn mi sí etí gbogbo wọn.

Àṣà wa ni pé ohun tí mekáníìkì bá tú, kó dá a padà fún ọlọ́kọ̀, kó fojú rí i. Mo dá a padà. Ẹ da àpò sílẹ̀ lójú àwọn àgbà. Ẹ rí àgbá irin tó máa ń wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà, ẹ rí asẹ́, ẹ rí páìpù òróró. Ẹ kò rí bóòtù kankan, ẹ kò rí irin tó gbé àpótí náà dúró. Ẹ bi mí pé ibo ni wọ́n wọlẹ̀ sí. Bàbá, wọ́n wà nínú ọkọ̀. Mo tún wọn lò ni, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe lọ́la.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọ̀pá iṣu tí ikán kò jẹ, ẹ kì í jù ú nù. Lọ́dún tó ń bọ̀, iṣu tuntun á tún gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ gbin èbù tó ti rà sí ebè tuntun. Àpótí jíà tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ lọ̀ mọ́ ara rẹ̀, èérún irin rẹ̀ bá òróró dé gbogbo ibi tí òróró ń gbà. Ohun tí òróró yẹn gba inú rẹ̀ kọjá, mo yọ ọ́. Ohun tó kàn ń di nǹkan mú, mo fọ̀ ọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo dá a padà sáyè rẹ̀.

Patron wa, ọ̀gá tó ni gáráàjì, kò gbà. Ó ní kí n tún àgbá àtijọ́ lò, pé ohun tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló mọ iṣẹ́. Mo wo àwòrán ńlá Ààrẹ tó wà lára ògiri, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, mo ní lóòótọ́ ni, ibi gbogbo ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti ń borí, àfi nínú àpótí jíà. Ó bínú, ó ní kí n lọ fi owó ara mi ra tuntun. Mo rà á. Owó tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ti oṣù yìí dé o. Abẹ́ ọkọ̀ yín ló wà.

Ohun tó dùn mí ni pé Sálíù ní ẹ ti gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi, pé alùpùpù ni ẹ fẹ́ kó gbé Ìyá wá lọ́jọ́ Àtàlátà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ojú fún wọn ní Sokodé. Nínú eruku ọyẹ́ yìí? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Àtìní, mo ń bọ̀ wá wa ọkọ̀ náà fúnra mi, kí Ìyá jókòó níwájú. Bó bá kú sọ́nà, ẹ̀yìn mi ni màá gbé wọn pọ̀n dé Tchamba tó wà lójú ọ̀nà. Ìyá mọ̀ pé n kò lè gbé ìdajì àpò àgbàdo dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe dá mi lójú tó.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó sì la ojú Ìyá kedere. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará oko àti gbogbo aládùúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìsìáká