Àga Màmá Tó Wà Nínú Kátálọ́ọ̀gù

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti inú pálọ̀ yín ní Ìlọra. Eruku pákó ṣì kún irun mi. Bí ẹ bá rí ọwọ́ mi, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ìṣó ti gún un, òòlù ti gbá a, ayùn náà kò sì dá a sí. Èmi tíṣà tí kì í gbé ohun tó wúwo ju ẹfun lọ ni mo sọ ara mi di káfíńtà nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ Màmá ló fà á. Òun náà ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Láti ìgbà tí apá òsì Màmá ti rọ, àga tìmùtìmù inú pálọ̀ ti di ọ̀tá wọn. Ó ti jìn jù. Bí wọ́n bá ti jókòó sí i, àfi kí èèyàn fà wọ́n sókè. Wọ́n gbìyànjú àtidá dìde nígbà kan, wọ́n ṣubú, ilẹ̀ ni wọ́n sì wà títí aládùúgbò fi wọlé wá kí wọn. Ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, pé òun ń bọ̀ wá gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ òun ní Ìbàdàn. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò máa gbá ojú sàréè yín, ta ni yóò máa kí yín láràárọ̀? Ọmọ yín kì í ṣe ìkà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní bí òun bá dé tí òun rí i pé Màmá lè dá dìde lórí ìjókòó láìsí ẹni tó fà wọ́n, òun yóò fi wọ́n sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí kátálọ́ọ̀gù yín.

Ṣé ẹ ṣì ń rántí wọn níbi tí ẹ wà? Àwọn ìwé àwòrán ọjà tí ẹ máa ń gbà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ńlá Ìbàdàn nígbà tí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. A kì í rí nǹkan kan rà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ó tẹ́ ìwé náà sórí ẹní, àwa ọmọ ó sì yí i ká. Bí ẹ bá ti ṣí ojú ewé tuntun, ẹni tó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ lé nǹkan pé tòun ni, tirẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹjọ́. Mo ti ní fìríìjì rí, mo ti ní kẹ̀kẹ́, bàtà funfun mi kò sì lóǹkà. Àbúrò mi olójúkòkòrò a kàn sùn lé gbogbo ìwé náà. Gààrí la máa mu lálẹ́, ṣùgbọ́n olówó ni wá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màmá kì í bá wa ṣe é. Ọjọ́ kan ni wọ́n ti ìdí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà na ìka lé àga onígi kan tó ga, tó ní apá tó nípọn. Ẹ wo ojú wọn, ẹ ní ẹ ó kàn án fún wọn.

Kọ́bọ́ọ̀dù wa, bẹ́ẹ̀dì wa, ibi tí ẹ ń kó ìwé sí, inú kátálọ́ọ̀gù ni ẹ ti wo gbogbo wọn kàn, bẹ́ẹ̀ ẹ kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Iwájú wọn a máa dán. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni wọ́n yà sínú ìwé, ẹ kò sì mọ bí ẹ̀yìn ti rí. Pákó àpótí ọṣẹ ni ẹ fi ń dí i, ẹ ó wá tì í mọ́ ògiri. Àlejò a máa yìn yín, àwa a máa fọwọ́ bo ẹnu. Àga Màmá ló wá di ìṣòro. Ẹ ní àga kì í ṣe ohun tí à ń tì mọ́ ògiri, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn kọjá yóò rí i, ẹ ò sì ní í kan ohun tí wọn yóò fi ìyàwó yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní ẹ ó kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ti lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Ṣọ́ọ̀bù náà kógbá wọlé. Ẹ̀yin náà sì lọ.

Mo bá ìwé náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, àga náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Mo wá irú rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá, ní ayé ìsinsìnyí, ìka kan péré ni èèyàn fi ń yí àwòrán àga po. Mo yí i, ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ síta. Pákó pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n tò lóòró, ohun tí ẹ ì bá parí kí oòrùn ọ̀sán tó rọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé Màmá ì bá jókòó lé àga ẹlẹ́yìn àpótí ọṣẹ kí inú wọn sì dùn? Kí ló dé tí ẹ kò bi wọ́n?

Mo ra pákó. Mo gé ẹsẹ̀ àga kan, èkejì gùn. Mo gé èkejì, òmíràn tún gùn. Kí n tó mọ̀, àga ti di àpótí ìdáná. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ọmọ yín ni mí lóòótọ́. Mo tún òmíràn bẹ̀rẹ̀, mo wọn gíga rẹ̀ mọ́ orúnkún wọn. Ìyẹn dúró ṣinṣin.

Àná ni àbúrò mi dé. A gbé Màmá jókòó, a yàgò fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì. Ti ọ̀tún dì í mú, ti òsì yọ̀. Wọ́n tún un ṣe. Ara wọn gbéra díẹ̀, ó tún padà. Òógùn bò wọ́n. Àga náà kò mì rárá. Ó wù mí kó fọ́, kí n lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kò dára. Àbúrò mi kọjú sí fèrèsé, òun náà ń sunkún. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún ra apá àga náà títí.

“Ẹ gbé e sínú mọ́tò pẹ̀lú mi,” ni wọ́n wí. “Bàbá yín ló fún mi.”

Láàárọ̀ yìí, a kọ́kọ́ gbé wọn dé ìdí sàréè yín lẹ́yìnkùlé. Mo dúró lókèèrè, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n bá yín sọ. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Nígbà tí mọ́tò lọ tán, mo gbálẹ̀. Ọ̀la ni ilé ìwé ń wọlé, mo ní láti padà sílé ọkọ mi ní Fìdítì. N ó máa yà wò yín ní Sátidé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ kò gbọ́ ohùn Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé wọ́n ti gbàgbé yín. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo fẹ́ tìlẹ̀kùn. Bàbá, ẹ̀yin nìkan ló kù nílé.

Èmi ni, àkọ́bí yín obìnrin,
tí ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín.