Ìwé Ìtàn Tí Mo Tú Bí Ẹni Ń Tú Ṣòkòtò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé òrùlé yàrá tí o háyà yẹn kò jò mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní àgádágodo yóò máa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá yẹn tí aládùúgbò kì í mọ orúkọ aládùúgbò. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, ẹsẹ̀ rẹ yóò ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹrù. Àmín. Tí o bá béèrè wa, a wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa, káfíńtà iwájú ilé náà kí ọ, onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi sì ní kí n bá òun béèrè bóyá o ti rí ọkọ, àmọ́ mo ní n kò ní kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti já a, jọ̀ọ́ ká a padà, tì í sínú àpò rẹ, kí ọ̀gá rẹ má bàa gba ẹ̀yìn rẹ kọjá kó rí i pé òun ni mò ń wí. Tó bá jẹ́ ilé lo wà, jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Nígbà tí o sọ pé o ti fi orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ yín, pé ìwé ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń kà, tí ẹni tó bá kà á tán á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, inú mi dùn. Àmọ́ mo mọ ohun tó ń jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ yóò ní ìpàdé, ìpàdé yóò ní owó ìtanràn, nítorí náà mo ti rán ṣòkòtò tuntun sílẹ̀ de ìpàdé tí n kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà dé, mo ṣí èèpo rẹ̀, mo rí ìwé kékeré tí ẹ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, orúkọ àwọn tó ti kà á wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fa igi pupa lé gbogbo wọn lórí, títí kan tìrẹ. Ọmọ mi, àyà mi já. Nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, ẹni tó bá ti kú nìkan ni mo máa ń fa igi lé lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn tí n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju pé kí o wúkọ́ kí n gbọ́. Nígbà tí o ṣàlàyé pé igi náà fi hàn pé ẹni náà ti kà á tán ni, mo tó rí oúnjẹ jẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé lẹ́yìn tèmi, orúkọ kan ṣoṣo ló kù, orúkọ ọ̀gá rẹ obìnrin, ẹni tó ni ìwé, ẹni tí yóò tún sọ ní ìparí oṣù bóyá wọ́n á gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá tàbí kí o máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, ṣe ni mo ń fọ ọwọ́ kí n tó fi kan ìwé náà.

Ìtàn obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òkèèrè, ó ní òun kò ní pẹ́ dé. Mo ń kà á nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà á sókè kí etí mi lè bá ojú mi dá sí i. Káfíńtà wá yá téèpù, kò lọ mọ́. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú orí tó fá dé ìdajì, òun náà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ gbé àga wá. Gbogbo wọn fẹ́ kà á fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ oṣù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ yín fún ẹnì kan, ẹ̀yin tí ẹ ń ka nǹkan bí ẹni ń mu omi ni wọ́n sì wọn oṣù náà fún. Káfíńtà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo yí ẹ̀yìn ìwé náà sókè, mo wò ó dáadáa, mo rí i pé òwú ni wọ́n fi rán an, ìdì ìdì, rírán tó dára. Èmi tí mo ti ń tú aṣọ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, kí ló wà nínú òwú tí mo máa bẹ̀rù? Mo mú abẹ, mo tú u.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O ní ká má ká etí ojú ìwé kankan, ẹnikẹ́ni kò ká a. O ní ká má jẹ́ kí omi kàn án, omi kò kàn án. O kò sọ pé ká má tú u.

Mo mú apá àkọ́kọ́, mo fún káfíńtà ní èkejì, onígbàjámọ̀ mú ẹ̀kẹta, ìyá rẹ mú èyí tó gbẹ̀yìn, a ní ẹni tó bá kà tán kó pààrọ̀ pẹ̀lú ẹnì kejì. A sì jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ apá tirẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á. Ọmọ mi, ìyà jẹ mí. Káfíńtà tó bẹ̀rẹ̀ láti àárín fẹ́ràn ọkùnrin tó máa ń gbé lẹ́tà wá fún ìyá oníbúrẹ́dì, ó ní ọmọlúàbí ni, ó ní irú ẹni tí òun fẹ́ fi ọmọ òun fún nìyẹn. Èmi tí mo ti ka apá àkọ́kọ́ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn gan-an ló ń jí owó inú lẹ́tà. Mo ń wò ó tó ń yin olè, mo sì fi abẹ́rẹ́ há ẹnu kí n má bàa sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wo gbogbo wa bí ẹni mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Nígbà tí oṣù fẹ́ parí, mo ní kí kálukú kó tirẹ̀ wá. Káfíńtà kó tirẹ̀ wá, onígbàjámọ̀ kó tirẹ̀ wá. Ìyá rẹ ní afẹ́fẹ́ ti gbé tòun lọ. Mo ní afẹ́fẹ́ wo, tí kò gbé aṣọ tó wà lórí okùn. Ó ní kì í ṣe afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ ni. Nígbà tí mo fẹ́ mọ ewúrẹ́ ta ni, ó ní òun kò rántí mọ́, kí n jẹ́ kí òun sinmi. A wá gbogbo ilé. Káfíńtà dojú àwọn pákó rẹ̀ dé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gé apá aṣọ oníbàárà kan kúrú ju èkejì lọ, mo sì ní kó máa rọra ká èkejì sókè.

Kí ni ká ṣe? Òun nìkan ló ti ka ìparí yẹn. A gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, a ní kó sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ gígùn, o mọ̀ ọ́n, ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ náà padà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń ti búrẹ́dì sínú iná, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ̀ ọ́n kó tó wẹ̀yìn. Kò sunkún, kò pariwo, ó kàn béèrè bóyá ó ti jẹun. Ọmọ ní òun kò tíì jẹun. Wọ́n bá jókòó. Ìyá rẹ ní ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Onígbàjámọ̀ fi aṣọ ìnura oníbàárà nu ojú, káfíńtà ní òun ń lọ wo nǹkan kan níta. Mo gé bébà tó mọ́ sí ìwọ̀n tirẹ̀, mo fi ọwọ́ mi tó dára jù kọ ọ́, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú irin tí kò gbóná jù, mo sì fi máṣíìnì rán gbogbo rẹ̀ padà. Rírán náà tọ́. Tí ọ̀gá rẹ bá jẹ́ ẹni tó ń wo ẹ̀yìn aṣọ, yóò rí i pé ó tọ́.

Mo kọ orúkọ ọ̀gá rẹ sí i lára, mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ iye tí ohun tó wà nínú ẹrù náà tó, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò lè díye lé ohun tí kì í ṣe tèmi, kí wọ́n bi ẹni tó ni ín. Wọ́n tún béèrè pé tí wọn kò bá rí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé e fún ńkọ́, kí ni kí wọ́n ṣe. Ìyẹn dẹ́rù bà mí, mo kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá a dáadáa, ó máa ń wà níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn káńtà wá fún mi ní nọ́ńbà gígùn kan, ó ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, màá mọ ibi tí ìwé náà dé. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, mo pè é. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ohun tí mo pè kò sí. Mo kí i, mo béèrè ilé rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún wo àárín àwọn ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ní kò sí. Láràárọ̀ ni mo ń pè é báyìí. Kò bínú sí mi rí. Wọ́n tọ́ obìnrin náà dáadáa, àmọ́ kò tíì rí ìwé náà.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Tí ìwé náà bá dé ọ́fíìsì yín, gbìyànjú kí ọwọ́ rẹ kàn án kí ti ọ̀gá rẹ tó kàn án. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n wá irú rẹ̀ rà. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ tí mo tún ń béèrè owó àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ, bí oníbàárà tó ya aṣọ tó tún ní kí télọ̀ sanwó. Àmọ́ n kò fẹ́ kó jẹ́ pé abẹ mi ló gé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Mo dá lẹ́tà yìí dúró síbí lánàá nítorí n kò rí àpòòwé. Mo rántí pé ìyá rẹ máa ń kó irú rẹ̀ pamọ́, mo bá ṣí àpótí rẹ̀. Apá ìwé tó sọ nù ló wà níbẹ̀, ó fi gèlè wé e. Mo jókòó sílẹ̀, mo kà á. Kò rí bó ṣe sọ ọ́ rárá. Ara ìyá oníbúrẹ́dì náà kò yá, ó fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí ọmọ dé, ilẹ̀kùn ló bá ní títì.

Mo mú un lọ bá a níbi tó ti ń ká aṣọ. Mo rò pé yóò bínú pé mo ṣí àpótí rẹ̀. Kò bínú. Ó ní ọjọ́ tí òun ní òun ń lọ kí àbúrò òun, ilé ìwòsàn ni òun lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kókó kan ń dàgbà nínú ikùn rẹ̀, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́, ìgbà tí wọ́n sì yọ ọ́ tán ni wọn yóò tó lè sọ irú ohun tó jẹ́. Wọ́n ti mú ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí tó bá kọjá, Ọjọ́bọ̀ kejì ni. Mo béèrè ìdí tó fi kó ìwé pamọ́. Ó ní òun mọ̀ mí, pé ohun tí mo bá ti rí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, mo ti gbà á gbọ́ nìyẹn, pé tí mo bá ka ìparí yẹn, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun bí ẹni tó ti kú. Òótọ́ ló sọ. Láti àná ni mo ti ń wò ó bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbìyànjú kí n má wò ó bẹ́ẹ̀.

Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ títí wọn yóò fi gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá. Ó mú kí n búra pé kò ní ti ẹnu mi jáde. Kò tíì ti ẹnu mi jáde. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Má fi owó kankan ránṣẹ́ mọ́, fi wọkọ̀ wálé. Ìparí ìwé tó jẹ́ ojúlówó wà nínú àpòòwé yìí, fún ọ̀gá rẹ, òun ló ni ín, sì sọ fún un pé bàbá rẹ tọrọ àforíjì. Àmọ́ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka èyí tí mo fọwọ́ kọ. Tó bá ti kà á tán, kí o tó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sọ fún un ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tí ẹni náà ń lọ. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó sì fi ń ránṣẹ́ kiri kí ẹlòmíì lè kà á, n kò rò pé yóò dá ọ dúró. Tó bá sì dá ọ dúró, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ní máṣíìnì, a kò ní sùn lébi.

Ọ̀nà yóò là fún ọ, taya ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní fọ́, wàá bá wa láyé, wàá bá wa láàyè, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dé lẹ́yìn ọjọ́.

Mo bá ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn náà láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì fi ibi tí ẹbí máa ń jókòó sí hàn mí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì náà wò. Ó gba ènìyàn méjì.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.