Agbọ̀n Lowrie àti Lẹ́tà Tí Mo Fi Pamọ́

Northbister,
Erékùṣù Yell,
Shetland.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 1958.

Inga ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fi lẹ́tà Lowrie ẹ̀gbọ́n rẹ pamọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Niu Sílándì ló kọ ọ́ sí i. Mi ò ṣí i o, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀, torí ìṣojú mi ni Lowrie ṣe kọ̀wé béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó tó àsìkò kí n kí ọ wàyí. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Leith lọ́hùn-ún? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé o ń wọ súwẹ́tà tí mo hun fún ọ, àbí ó ṣì wà nínú àpótí? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Màlúù wa bí abo, atẹ́gùn sì ti ṣí òrùlé ilé adìyẹ sọ sínú òkun.

O mọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe rí nígbà tó ti ibi tí wọ́n ti ń pa àbùùbùtán dé. Ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí, kì í fọhùn. Nígbà ìkórè ló ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ló bá kó gbogbo ìtí ọkà óòtì dúdú wa lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìpakà tí àdúgbò jọ rà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí kó tó di ọ̀sán. Mo tiẹ̀ ń yìn ín, mo gbàgbé pé pòròpórò óòtì yẹn la fi ń hun kíṣì, agbọ̀n tí a ń pọ̀n sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ti rún un wómúwómú.

Bàbá Gibbie, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, wá kó ìpín tirẹ̀ láti fi hun agbọ̀n. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, “Lowrie, o ṣeun o. Màlúù ti róúnjẹ. Èmi ńkọ́, ṣé irun àgbọ̀n mi ni kí n fi hun agbọ̀n?” Lowrie ní kí gbogbo wa kúkú máa lo garawa. Bàbá ní, “Ilẹ̀ tí igi kan ò hù yìí, pòròpórò ni igi wa. Kíṣì ni ìyá mi fi ń pọ̀n píìtì, erùpẹ̀ ìdáná wa, bọ̀ láti orí òkè, tí yóò sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Garawa wo ló lè jẹ́ kí ọwọ́ ẹni ṣófo bẹ́ẹ̀?”

Ní ọjọ́ kejì, Lowrie mú dòjé, ó gé óòtì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ògiri, ó ń nà án mọ́ etí àgbá ní ìdì kọ̀ọ̀kan kí hóró lè gbọ̀n dànù láìṣẹ́ pòròpórò. Òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n lọ fún Bàbá. Láti ìgbà náà, inú abà Bàbá ni wọ́n jọ ń jókòó. Agbọ̀n àkọ́kọ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá ní, “Ọtí wo lèyí mu?” Lowrie ní, “Ẹ bi ọ̀gá tó kọ́ ọ.” Inga, ó rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tó ti dé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà náà dé.

Ìdí tí mo fi rì í sábẹ́ ìyẹ̀fun óòtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá lọ bu ìyẹ̀fun ṣe búrẹ́dì, ọwọ́ mi á kàn án, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu mi mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, mo gbé e fún un. Ó fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀. Ó ní, “Màmá, Jimsie tó ń pín lẹ́tà ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó gbé e wá. Ó ní sítáǹbù ẹ̀ rẹwà. Mo kàn ń wò yín níran ni.” Mo ní kí ló dé tí kò béèrè. Ó ní, “Tó bá ń ká mi lára, ǹ bá ti béèrè.”

Wọ́n fún un níṣẹ́ o. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Gibbie ti ń gbọ̀n, kò lè fa okùn ìdí agbọ̀n le mọ́, ènìyàn mẹ́fà ló sì fẹ́ gba kíṣì kí a tó lọ gbẹ́ píìtì. Lowrie ní òun á kọ́kọ́ hun ìyẹn tán. Lánàá, ó kọ èsì, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.” Èmi o, nínú gbogbo èèyàn! Mo rin máìlì méjì nínú atẹ́gùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo nà án sójú oòrùn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ìwé rẹ̀ nípọn. Mo fi í sínú àpótí lẹ́tà, mo pa dà sílé, mo jẹ ọbẹ̀ ẹran àgùntàn gbígbẹ, mo sì sùn dáadáa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà àti nílé. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe wá iṣẹ́ tì, kí ẹsẹ̀ rẹ má sì gbàgbé ọ̀nà ilé wa.

Èmi ni ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kì í sinmi,
Osla

Mo gbàgbé: Lowrie ní òun ti kọ̀wé sí ìwọ náà, o ti mọ ohun tí òun fi dá wọn lóhùn. Má sọ ọ́ fún mi. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n sọ gbogbo nǹkan yòókù, má sì jẹ́ kó pẹ́ kí o tó kọ̀wé sí mi.