Iná Tí O Rí Ládùúgbò Wa

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ikọ́ àbíkẹ́yìn yín ti rọlẹ̀? Ẹsẹ̀ mi tí bíríkì bọ́ lé ń san. Ọkọ mi ló ń dáná nínú àgọ́ tá a wà, iyọ̀ kò sì mọ níwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. O ní sátẹ́láìtì ibi iṣẹ́ yín ya fọ́tò wa lálẹ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, pé àdúgbò wa ṣì ń tàn yanran, o wá kùn ún ní àwọ̀ ewé lórí máàpù, pé ilé ò wó níbẹ̀. O tiẹ̀ ń dúpẹ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń wò wá ga jù.

Àwa la gbé jẹnẹrétọ̀ wá, tá a so gílóòbù ńláńlá kọ́ ká lè ríran walẹ̀. Orí àwókù ilé Bàbá ni iná yẹn wà. Bàbá wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn adóòlà ẹ̀mí kọjá lára wa, wọ́n ń lọ síbi tó ṣókùnkùn, tẹ́ ẹ kùn ní pupa pé ilé wó.

Ọjọ́ méjì ni Bàbá fi ń lu páìpù lábẹ́ ibẹ̀ ká lè mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè. Àná ló dákẹ́.

Bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n máa béèrè ohun tí iná ń ṣe níbi tó wà. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi iná wá ọ láé.

Kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, epo á ti tán, a ó ti pa iná náà. Ìwọ fúnra rẹ á ti kun àdúgbò wa ní pupa.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.