Fọ́tò Bàbá Kò Ya

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú omi, ẹ kú èéfín ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bàrígà níbí. Bàbá Bùkọ́lá, ọkọ mi, ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín. Bùkọ́lá náà kí ìyá àgbà rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti mú báyìí, kò sí ohun tí kì í béèrè. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Tísà tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí fún yín.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ ni pé Àǹtí Bọ́sẹ̀, tí wọ́n ń kó ẹja wá sí Èkó, sọ fún mi pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé mo fa fọ́tò Bàbá ya. Bí gbogbo àdúgbò bá gbọ́ ìyẹn, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí náà. Fọ́tò yẹn kò ya, Màmá. Ó wà nínú férémù rẹ̀ lórí àpótí aṣọ mi, níbi tí ọwọ́ Bùkọ́lá kò lè dé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní ẹ ní kí àwọn bi mí, ṣé fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ ní, tí ẹ yọ lára ògiri fún mi lẹ́yìn ìsìnkú torí pé ẹkún mi pọ̀ jù, òun ni mo wá fún ọmọ ṣeré. Wọ́n ní ẹ ti sọ fún Bọ̀dá Tísà pé bí mo bá pe fóònù wọn, kí wọ́n ní ẹ lọ sódò. Mo pè, wọ́n ní ẹ lọ sódò. Mo tún pè lọ́jọ́ Ìsinmi, odò náà ni. Màmá, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sódò lọ́jọ́ Ìsinmi? Mo rẹ́rìn-ín níwájú oní-fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé, tí fóònù ti wọ ìlú, ìkánjú la fi ń sọ ohun tó yẹ ká jókòó sọ. Ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù, kó tó di pé ẹ ń lọ sódò, ni pé àwòrán Bàbá ń ya, ó ń pín sí méjì lójú. Ibẹ̀ ni fóònù já. Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ, mi ò tíì débẹ̀ ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ tuntun sómi, tí ọmọ ìjọ kan ń fi kámẹ́rà ká gbogbo yín sílẹ̀. Èkó ni mo wà, oyún Bùkọ́lá ti wúwo nínú mi. Wọ́n fi sídì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin ò tíì wò ó rí, torí kò sí iná nílé. Nínú rẹ̀, Bàbá dúró létí ọkọ̀, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa jẹun, kí n má jẹ̀ẹ́ kí Èkó gbẹ mí. Bàbá fi wá sílẹ̀ lọ kí n tó bí ọmọ.

Ilé ìtẹ̀wé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n wá fún un ní ògbólógbòó kan. Inú mi dùn pé Bùkọ́lá máa rí bàbá àgbà rẹ̀. A ti sídì náà bọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti yí orí, ojú wọn á pín níbi imú. Òkè á ti lọ, ìsàlẹ̀ á kù sẹ́yìn, bí aṣọ tí wọ́n fà ya. Bùkọ́lá sá sẹ́yìn mi, ó ní òun ò fẹ́ bàbá tó gé sí méjì. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ba èmi náà. Mo ń rò ó pé bóyá ara ò rọ Bàbá níbi tí wọ́n wà.

Ọkọ mi ní sídì ló dọ̀tí. Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ní kó rọra kó má bó Bàbá kúrò lára rẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa tó ní ẹ̀rọ sídì. Wọ́n mú iná lọ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí a rí, ojú Bàbá kò pín. Kì í ṣe sídì nìyẹn. A pààrọ̀ wáyà tó so àpótí kọ̀ǹpútà mọ́ gíláàsì tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀, ibi tó wà náà ló wà.

Ìgbà tí òjò dé wa mọ́lé ni mo jókòó tì í. Òjò Bàrígà kì í jọ ti ilé, Màmá. Páànù nìkan ló ń lù níbí. Tiwa máa ń bọ́ sínú omi lábẹ́ pákó tí a sùn lé, Bàbá á máa tún àwọ̀n ṣe, ẹ̀yin á máa yí ẹja lórí iná. Bí mo ṣe ń ro ìyẹn ni mo ṣàkíyèsí pé bí Bàbá bá dúró jẹ́ẹ́, ojú wọn a pé. Ìgbà tí wọ́n bá mira nìkan ló ń ya.

Ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé wọn. Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn náà ṣe ń pè é nìyẹn, àwòrán ń ya. Ó ní ọ̀pọ̀ àwòrán tó ń tẹ̀ léra kíákíá la ń rí bí ẹni tó ń mira, láti òkè wá sísàlẹ̀ ni gíláàsì sì ń kun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbé òmíràn dé kí gíláàsì tó kun ti ìṣáájú tán, ààbọ̀ ti àná àti ààbọ̀ ti òní ni èèyàn á rí. Ọkọ mi ní ó yé òun, bí ẹni fa bébà kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán ni. Wọ́n ti pa ètò tó ń darí àwòrán rẹ́ nígbà tí wọ́n ń nu kọ̀ǹpútà náà mọ́ fún wa. Onítọ̀hún wá fi òmíràn sí i, ó ní kí àwòrán kọ̀ọ̀kan máa dúró de èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Màmá, ibi tí Bàbá ti ní kí n máa jẹun, tí wọ́n wá yí orí, a ti rò pé ojú kámẹ́rà ló ń tì wọ́n. Ní báyìí tí ojú wọn pé, mo rí i pé ẹnì kan ni wọ́n ń wò. Etí ìró aláró yín hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ni wọ́n yíjú sí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọn kì í rín níta. Bùkọ́lá fọwọ́ kan gíláàsì, ó bi mí pé ta ni bàbá ń rín sí. Mo sọ fún un. Ó ní kí ẹni náà wá wò ó.

Ẹ bá Àǹtí Bọ́sẹ̀ wọkọ̀ wá, Màmá. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wò yín.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo ẹni tó ń lọ sórí omi, kó mú wọn bọ̀ sílé pẹ̀lú ẹja. Kó dá yín sí fún wa. Ẹ kí ilé, ẹ kí ìjọ, ẹ kí àwọn tó gbọ́ pé mo fa fọ́tò ya.

Èmi ni ọmọ yín,
Yẹ́misí